Ṣíṣí Àgádágodo Láìlo Kọ́kọ́rọ́: Kí Ló Dé Tí A Fi Ń Kọ́ Àwọn Aláìríran?

 

Nígbà tí a kọ́kọ́ lẹ ìwé mọ́ ògiri pé a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan, níbi tí a ó ti máa kọ́ àwọn aláìríran àti àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn bí a ṣe ń ṣí àgádágodo láìlo kọ́kọ́rọ́, ìyá kan dúró níwájú ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá yíjú sí wa, ó ní: "Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ mi lólè ni? Ọmọ dúdú, ní Peckham, pẹ̀lú irin ìfọ́lé lápò?"

A ò bínú sí i. Ìbéèrè tó tọ́ ni, àwọn tó sì ti bi wá bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà kò níye. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ fi ojú ewé yìí ṣàlàyé: kí ni à ń kọ́ wọn gan-an, báwo la ṣe ń kọ́ wọn, kí ni òfin sọ, ibo ni àwa fúnra wa ti ṣe àṣìṣe, àti àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò tilẹ̀ ní í wá sí kíláàsì wa láéláé.

ÀWỌN WO LÀ Ń SỌ?

Bí a bá ní aláìríran, a ń sọ ti ẹni tí kò ríran rárá, a sì ń sọ ti ẹni tó ń ríran fírífírí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn àgbà wa tí àtọ̀gbẹ tàbí gilọkómà bà lójú jẹ́.

Àwọn kejì ni àwọn tó ní ọ́tísímù, ADHD, dyslexia tàbí dyspraxia. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn ní èdè wa. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, kò dára létí: wọ́n á ní ọmọ náà ya dìndìnrìn, wọ́n á ní emèrè ni, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ló yàtọ̀. Ọ̀nà kan ò sá wọ ọjà.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÀGÁDÁGODO?

Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà yín dání, irú tí gbogbo wa ń pè ní Yale. Ẹ di ojú yín, kí ẹ fi àtàǹpàkò wọ́ etí rẹ̀ lọ. Ẹ ó rí i pé ó ní gegele àti kòtò, bí òkè àti àfonífojì. Ẹ má gbàgbé wọn, torí àwọn ni wọ́n ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Nínú àgádágodo, irin róbótó kékeré kan wà tó ń yí. Inú rẹ̀ ni à ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Irin yìí wà nínú irin mìíràn tó tóbi jù ú lọ, tí kì í yí; ẹ jẹ́ ká pè é ní ilé rẹ̀. Wọ́n lu ihò, ó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún, láti ara ilé náà wọnú irin tó ń yí. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, píìnì méjì gun orí ara wọn, sípíríǹgì kan sì ń tì wọ́n wálẹ̀ láti òkè.

Nígbà tí kò bá sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, píìnì òkè á dábùú ààlà: ìdajì rẹ̀ wà nínú ilé, ìdajì wà nínú irin tó yẹ kó yí. Ó há, kò lè yí. Bí kọ́kọ́rọ́ tó tọ́ bá wọlé, gegele àti kòtò rẹ̀ á gbé píìnì kọ̀ọ̀kan sókè dé ìwọ̀n tirẹ̀. Ibi tí píìnì méjèèjì ti pàdé á wá bá ààlà náà dọ́gba. Nígbà náà ni irin á yí, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Bí píìnì kan ṣoṣo bá ga jù tàbí tó kéré jù, ó parí, ẹ ò wọlé.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ lo àgádágodo onígi tó ní píìnì tó ń já bọ́ sínú ihò. Nítòsí wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn Bamana àti Dogon ní Màlí ti ń gbẹ́ irú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé àti àká wọn láti ìgbà pípẹ́, wọ́n á gbẹ́ ère ènìyàn tàbí ẹranko sí i lára. Ní Amẹ́ríkà, Linus Yale bàbá gba ìwé àṣẹ lórí irú èyí tó jẹ́ onírin ní 1848. Ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló tún un ṣe ní àwọn ọdún 1860 di èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa lónìí.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́? Àṣírí ibẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀rọ tó lè lu ihò márùn-ún kí wọ́n tò gẹ́lẹ́ láìyẹ̀ rárá. Ọ̀kan á yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀kan á yẹ̀ sí òsì, kékeré tí ojú ò lè rí. Nítorí náà, bí ẹ bá rọra yí irin náà díẹ̀, kì í ṣe gbogbo píìnì ló máa há lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ló máa kọ́kọ́ há. Bí ẹ bá wá èyí tó há, tí ẹ rọra gbé e sókè, á dé ààlà, irin á yí díẹ̀ bíi fọ́nrán irun, ẹ ó sì gbọ́ "kẹ́". Òmíràn á wá há. Ẹ ó wá òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni títí tí gbogbo wọn á fi tán.

Irin méjì là ń lò. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ lórí. Òun la fi ń yí, a ń pè é ní irin ìyí. Ìkejì ní ṣóńṣó tó rọra yọ sókè. Òun la fi ń gbé píìnì, a ń pè é ní irin ìgbé. Kò sí nǹkan mìíràn.

ỌWỌ́ LÓ Ń RÍRAN NÍBẸ̀

Ẹ wo ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Kí ni ojú ń ṣe níbẹ̀? Kò ṣe nǹkan kan. Inú irin ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, nínú òkùnkùn. Ẹni tó ríran àti ẹni tí kò ríran, bákan náà ni wọ́n rí níwájú àgádágodo. Àwa tí a ríran pàápàá, nígbà tí a ń kọ́ ọ, ojú wa ló ń dà wá láàmú: à ń yọjú wo ihò bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí a di ojú la tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan tí ìka wa ń sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta ayò rí nílé mọ ohun tí à ń wí. Ọ̀tayò gidi kì í da ọmọ ayò sílẹ̀ kó tó mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti kà á. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà lálẹ́ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ mọ òkúta yàtọ̀ sí ẹ̀wà. Irú ìmọ̀ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra o. A kì í ṣe ara àwọn tó ń sọ pé bí ojú ẹni bá fọ́, Ọlọ́run á fún un ní etí ajá. Ẹni tí kò ríran kò ní ọwọ́ tó yàtọ̀ sí tiyín. Ó ti lò ó ju bí ẹ ṣe lò ó lọ ni. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ojú rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, tí àtọ̀gbẹ ti mú kí orí ìka rẹ̀ kú díẹ̀, ó máa le fún un gan-an. A máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ọ́tísímù ni orí rẹ̀ pé bíi ti kọ̀ǹpútà. Àwọn kan fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dé góńgó, àwọn kan gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ó sú àwọn. Ìyẹn náà dára.

Àwọn tó dàgbà ní Èkó á rántí ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ní Surulere, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláìríran láti 1962, wọ́n á sì rántí ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú ní Oṣòdì. Kì í ṣe tuntun fún wa pé kí ẹni tí kò ríran fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá sì ní irin ẹnu ṣóńṣó kò yẹ lọ́wọ́ aláìríran, ẹ sọ ìtàn Louis Braille fún un. Irin ẹnu ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ ló fọ́ ọ lójú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Irin ẹnu ṣóńṣó náà ló padà mú lọ́wọ́ tó fi ń tẹ àmì tó yọ gegele sórí bébà. Nígbà tó fi máa di 1824, ó ti to ìwé kíkà tí gbogbo ayé ń lò dòní, kò sì tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ WỌN

A kọ́kọ́ ṣe àgádágodo onígi ńlá kan, tó gùn tó apá. Píìnì rẹ̀ tóbi bí ìka, sípíríǹgì rẹ̀ sì ṣeé tẹ̀. Òun ni ẹni kọ̀ọ̀kan ń fi ọwọ́ wò fún odidi ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan irin kékeré títí á fi lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igi náà fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà la ó fún un ní àgádágodo gidi tí a ti yọ píìnì rẹ̀ ku ẹyọ kan. Ó máa ń ṣí ní wéré, inú á dùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, píìnì á di méjì. Ìgbà tí méjì bá mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di mẹ́ta. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Àwọn kan dé orí márùn-ún láàárín oṣù méjì, àwọn kan sì wà lórí mẹ́ta fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó ń lé wọn.

Ohun tó ṣòro jù fún gbogbo ènìyàn ni agbára ọwọ́. Ẹni tó bá tẹ irin ìyí le jù, gbogbo píìnì á há, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. A gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kò yé wọn, títí ìyá àgbà kan nínú kíláàsì fi ní: "Ẹ fi í sílẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá ń fi ọwọ́ wo bóyá ara ọmọ ń gbóná." Ó tán. Gbólóhùn yẹn la ń lò títí dòní. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ló ń le koko.

Fún àwọn aláìríran, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ṣe pàtàkì:

1. A kì í ní "wo ibí yìí" tàbí "gbé e síbẹ̀ yẹn". A máa ń ní "apá àtàǹpàkò rẹ" tàbí "síwájú, ìwọ̀n ọkà ìrẹsì kan".

2. A kì í já ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbà. A á bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ná, a ó sì fi ọwọ́ tiwa sísàlẹ̀, kí òun gbé tirẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni á ṣe mọ bí ọwọ́ wa ṣe ń lọ, tó bá sì fẹ́ gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó wà níkàáwọ́ rẹ̀.

3. Gbogbo irin ló ní àyè tirẹ̀ nínú àwo, láti òsì lọ sí ọ̀tún, àyè náà kì í sì í yí padà. Ẹni tó bá ṣí i nípò láìsọ, ó ti pa iná fún ẹlòmíràn nìyẹn.

4. Ohun ìdìmú mú àgádágodo mọ́ tábìlì, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́.

Fún àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tiwọn, a kọ́ ohun mìíràn. Ariwo irin lórí tábìlì ń gún ẹlòmíràn létí bí abẹ́rẹ́. A tẹ́ aṣọ nípọn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ADHD kò lè jókòó fún wákàtí kan gbáko. Ìṣẹ́jú 20 péré, ká dìde, ká mu tíì, ká padà. Ẹni tó ní dyslexia tí ilé-ìwé ti dójú tì, inú rẹ̀ dùn pé kò sí ìwé kankan láti kà. Ẹni tó ní dyspraxia, a fi rọ́bà wé ìdí irin fún un kó lè nípọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ètò kan náà là ń tẹ̀ lé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí a bá sì fẹ́ yí i padà, a ó ti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ohun kan tún wà. Àgádágodo kì í purọ́. Olùkọ́ lè ní "o gbìyànjú" kó máa rò ó pé ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n. Àgádágodo ò mọ̀yẹn. Ó ṣí tàbí kò ṣí, ó sì máa sọ fún ẹ lójú ẹsẹ̀. Fún ọmọ tó jẹ́ pé ojú àwọn ènìyàn ni kò lè kà, ìsinmi ńlá ni.

ÀṢÌṢE TIWA

A ò ní í bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí a ka irin ní ìparí kíláàsì, ó yẹ kó pé 24, 23 la rí. A tún un kà. A wo abẹ́ tábìlì. Nígbà tí a máa fi mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wọ bọ́ọ̀sì 37 lọ sí Peckham: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ọ́tísímù, tó ga, tó dúdú, tí kì í fẹ́ wo ènìyàn lójú, tí kì í sì í tètè dáhùn bí a bá bá a sọ̀rọ̀ lójijì. Irin ìgbé wà lápò rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró ńkọ́? A pe ìyá rẹ̀. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹnì kan nínú wa sáré lọ bá a, wọ́n jọ dúró ní ibùdókọ̀ títí ọmọ náà fi sọ̀ kalẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe é, a dúpẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò ra irin náà nínú àpò bó ṣe ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní: "Wọ́n ní tèmi ni." Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ la ti fi irin náà lé e lọ́wọ́ tí a ní, "Irin tìrẹ nìyí, nọ́ńbà 7." Ní ìparí kíláàsì, a tún ní, "Ẹ kó ẹrù yín, ó dàbọ̀ o." Ó kó ẹrù rẹ̀. Ohun tí a sọ gan-an ló ṣe. Àwa la ò sọ ohun tó wà lọ́kàn wa.

Ẹnì kan wà nínú wa tó jẹ́ pé ìṣirò owó ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ló sì tẹnu mọ́ ọn pé a gbọ́dọ̀ ní ìwé ìjáde àti ìwọlé bíi ti ilé ìkẹ́rù. Báyìí, irin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ṣeé fi ọwọ́ kà. Àwo ní ihò kan fún irin kan, ẹni tó bá fọwọ́ wọ́ ọ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ihò kan bá ṣófo. A ó kà á níwájú gbogbo ènìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ kan á tún un kà, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó máa kúrò níbẹ̀ títí iye á fi pé. A sì ti dẹ́kun "irin tìrẹ". "Irin kíláàsì tí ìwọ ń lò lónìí" là ń sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá ń kọ́? A fún un ní kọ́kọ́rọ́ kan tí wọn ò tíì gé, tí kò lè ṣí ohunkóhun, kó máa fi sápò. Ìyẹn ni tirẹ̀ ní tòótọ́. Ìyá rẹ̀ gbà pé kó máa wá.

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Ní Ẹ́ńgílándì àti Wélíìsì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti ní irin yìí nílé, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òfin olè jíjà ti 1968, abala 25, sọ pé ẹni tó bá gbé ohun èlò kan jáde kúrò nílé rẹ̀ láti fi fọ́lé tàbí láti fi jalè ti rú òfin, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún mẹ́ta. Èrò ọkàn ni òfin ń wò; ṣùgbọ́n èrò ọkàn kì í hàn lójú títì. Òfin PACE ti 1984 náà fún ọlọ́pàá láṣẹ láti tú ẹni tí wọ́n bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti fura sí wò. Nítorí náà, ìlànà tiwa le ju ti òfin lọ:

Irin kì í kúrò nínú gbọ̀ngàn. Àgádágodo tiwa nìkan là ń ṣí. A kì í fọwọ́ kan èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ti ẹni náà gan-an, torí bó bá bàjẹ́ kò ní wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá sì jẹ́ ilé káńsù tàbí ilé àyágbé, onílé ló ni ín. Ẹni tó bá rú ìlànà yìí, ó parí. Àwọn tó fi ṣíṣí àgádágodo ṣe eré ìdárayá, irú àwọn ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1997, ìlànà tó jọ èyí ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀: ẹ má ṣe kó irú irin bẹ́ẹ̀ sínú ẹrù tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé.

Àwọn kan á tún ní, "Ṣé ẹ ò kọ́ olè báyìí?" Àríyànjiyàn yìí ti wà láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Ní 1851, ọdún Ìpàtẹ Ńlá ní Hyde Park, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Alfred Charles Hobbs ṣí àgádágodo Chubb, tí gbogbo ènìyàn gbójú lé, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ó tún lọ bá ti Joseph Bramah, tó ti wà nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní Piccadilly láti 1790 pẹ̀lú ìlérí gínì 200 fún ẹni tó bá lè ṣí i. Wákàtí 51 ló lò, tó pín sí ọjọ́ 16, ó sì ṣí i. Àwọn ènìyàn bínú pé ó ń tú àṣírí. Èsì tí òun àti àwọn tó gbè é lẹ́yìn fún wọn ni pé olè ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Olóòótọ́ tó ń ra àgádágodo ni kò mọ̀. Ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fọ́lé ní Peckham kò ní jókòó fún oṣù méjì kó máa gbọ́ "kẹ́, kẹ́". Fèrèsé ló máa fọ́.

ÀǸFÀÀNÍ WO LÓ WÀ NÍBẸ̀?

Ẹ gbọ́ ti ìyá àgbà tó sọ̀rọ̀ ara ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Kò ríran mọ́, òun nìkan ló ń gbé. Kó tó mọ̀ wá, ó jáde lọ da ìdọ̀tí nù láàárọ̀ ọjọ́ kan, atẹ́gùn sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Aládùúgbò bá a pe ẹnì kan tó ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà dé, ó ní àgádágodo náà ti bàjẹ́ pátá, ó gbẹ́ ẹ yọ, ó fi òmíràn sí i, ó sì gba owó tó ju owó oúnjẹ oṣù kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ò lè rí ohun tó ń ṣe, kò sì mọ ohun tó lè bi í.

Lọ́sẹ̀ kẹta ní kíláàsì, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí igi ńlá yẹn, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Àṣé kò bàjẹ́." Ó ti yé e pé ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn kàn tì, tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́kọ́rọ́ tì, kò sábà nílò kí wọ́n gbẹ́ àgádágodo rẹ̀ dànù. A ò lè gba owó náà padà fún un. Ṣùgbọ́n ó ní kò sẹ́ni tó máa tún jẹ òun níyà bẹ́ẹ̀, òun ló sì ní ká kọ àwọn ìmọ̀ràn ìsàlẹ̀ yìí fún yín.

BÍ ILẸ̀KÙN BÁ TÌ MỌ́ YÍN SÍTA

Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ yìí, ìjọba kì í fún àwọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn ní ìwé àṣẹ. Ẹnikẹ́ni lè ní iṣẹ́ òun nìyẹn. Ẹ wá ẹni tí ẹgbẹ́ Master Locksmiths Association ti yẹ̀ wò.

Kó tó kúrò nílé rẹ̀, ẹ bi í lórí fóònù: èló ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú VAT àti owó ìrìnnà? Ẹ sọ fún un bóyá ṣe ni ilẹ̀kùn kàn tì tàbí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ẹ bi í bóyá ó máa gbìyànjú láti ṣí i láìgbẹ́ ẹ. Bó bá ní òun máa gbẹ́ ẹ, kó sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ẹ gba ìwé owó.

Bí ilé káńsù tàbí ti ẹgbẹ́ ilé lẹ ń gbé, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kejì sọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán. Ẹ má fi sábẹ́ ìkòkò òdòdó o.

Ẹni tí kò ríran lè lẹ àmì tó yọ gegele mọ́ orí kọ́kọ́rọ́ kan, kó so rọ́bà mọ́ èkejì, kó má bàa dúró sínú òjò kó máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ TÚN RÁNTÍ

Bí ojú yín bá ti bàjẹ́ gan-an, ẹ ní kí dókítà ojú tó jẹ́ ọ̀gá ní ọsibítù kọ ìwé ẹ̀rí CVI fún yín, kí káńsù fi orúkọ yín sínú ìwé àwọn aláìríran. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ń tijú èyí. Ẹ má tijú: ẹni tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ pé kò ríran rárá tàbí tí ìríran rẹ̀ kéré gan-an lè gba ẹ̀dínwó owó orí tó ń jẹ́ Blind Person's Allowance (ní ọdún owó orí 2025/26, £3,130 ni), ìdajì owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n ló sì máa san. Bí owó tó ń wọlé fún yín kò bá tó èyí tí wọ́n ń gba orí lé, ẹ lè gbé ẹ̀dínwó náà fún ọkọ tàbí aya yín. PIP ńkọ́? Ìyẹn kò dúró de ìwé CVI. Ohun tí àìsàn tàbí àìríran kò jẹ́ kí ẹ lè ṣe ni wọ́n ń wò, ó sì wà fún àwọn tó ní ọ́tísímù náà.

Òfin Equality Act ti 2010 sọ pé ilé-ìwé, ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ bíi tiwa gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe tó bá yẹ kí ẹni tó ní ìpèníjà lè kópa. Bí wọ́n bá sọ fún yín ní kíláàsì kan, ìbáà jẹ́ ti aṣọ rírán tàbí ti kọ̀ǹpútà, pé "kò ṣeé ṣe fún ẹni bíi tìrẹ", ẹ wá bá wa.

Ìyá tó ka ìwé wa lẹ́ẹ̀mejì lára ògiri ti ń bá wa po tíì ní kíláàsì báyìí. Òun ló máa ń ka irin ní ìparí, òun náà ló sì máa ń fọwọ́ sí ìwé. Kò tíì ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan.